Láti Ìbuwọ́lù Dé Ẹnu Ọ̀nà: Bí Ìjọba Ṣe Ń Ṣètò fún Ẹ̀tọ́ Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka dídẹ́yẹ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú ohun tí òfin náà pa láṣẹ rọrùn láti kà, àmọ́ ó ṣòro láti ṣe: gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ àti gbogbo ọkọ̀ èrò tí àkàndá ẹ̀dá kò lè wọ̀, kí wọ́n tún un ṣe láàárín ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Síbẹ̀, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ṣì ń dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, báǹkì, ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí àtẹ̀gùn ń lé e padà. Adití ṣì ń dé ilé ìwòsàn tí kò ti sí ẹnì kan tó gbọ́ èdè àfọwọ́sọ.

Ó yá lẹ́nu láti sọ pé ìjọba ò bìkítà. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́ níbì kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló fà á. Wọ́n ní, "Àmúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìbuwọ́lù ààrẹ, ayẹyẹ àti àwòrán inú ìwé ìròyìn, òkè nìwọ̀nyẹn. Ìsàlẹ̀ ni ètò: ta ni a kà, ta ni iṣẹ́ já lé léjìká, èló ni a yà sọ́tọ̀ fún un, ọjọ́ wo ló gbọ́dọ̀ parí, ta sì ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin tí kò bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kì í kúrò lórí ìwé. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ká wò.

Láti àdéhùn àgbáyé di òfin ilé

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Nàìjíríà buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2007, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ìbuwọ́lù. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun yóò tẹ̀ lé e.

Bí àdéhùn náà ṣe wo ọ̀rọ̀ ló mú un yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀pọ̀ ìjọba, inú ara ẹni ni gbogbo ìṣòro náà wà; iṣẹ́ dókítà àti àwọn aláàánú ni. Àdéhùn yìí ní àléébù ara nìkan kọ́ ló ń dá ènìyàn dúró, ìdènà tí àwùjọ gbé kalẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Agbẹjọ́rò tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré mọ òfin bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bí yàrá ìgbẹ́jọ́ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ilé náà kò sì ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹni tó ya àwòrán ilé náà ló dí i lọ́nà. Nígbà tí a bá ti gbà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìjọba yí padà. Ó kúrò ní pínpín ìrẹsì àti aṣọ lọ́jọ́ ọdún, ó di yíyọ ìdènà kúrò lọ́nà. Ilẹ̀ Yorùbá ti mọ ọ̀wọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ẹni Òrìṣà là ń pe abuké, àfín àti aràrá, Ọbàtálá ló ni wọ́n. Ọ̀wọ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò bá dé inú òfin àti bọ́jẹ́ẹ̀tì kò lè mú ọmọ tí kò ríran jókòó sí kíláàsì.

Ní Nàìjíríà, bí ìjọba bá fọwọ́ sí àdéhùn, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Abala 12 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní agbára òfin níbí àfi bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Abala 42 nínú ìwé òfin kan náà, tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ìpèníjà ara. Ẹni tí wọ́n bá lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé kò gbọ́ràn kò rí ọ̀rọ̀ tó ṣe gúnmọ́ dì mú nínú ìwé òfin náà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá fi tẹra mọ́ ilé aṣòfin. JONAPWD, tó jẹ́ ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn, wà lára àwọn tó jà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni David Anyaele, ọmọ Nàìjíríà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nígbà ogun Sierra Leone ní ọdún 1999, tó padà wálé, tó sì dá àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti fìdí àdéhùn múlẹ̀ títí di ìgbà tí ààrẹ buwọ́ lu òfin, ọdún mẹ́jọ àti oṣù díẹ̀ ló kọjá.

Òfin tó jáde gbòòrò. Ilé iṣẹ́ tó bá dẹ́yẹ sí ènìyàn nítorí ìpèníjà ara yóò san ₦1,000,000 owó ìtanràn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe é yóò san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ń fi àkàndá ẹ̀dá tọrọ bárà rú òfin. Níbi tí èrò bá ti tò, àkàndá ẹ̀dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ di ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Ilé iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ rí i pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ òun jẹ́ àkàndá ẹ̀dá, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ fi kún un pé bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. Ẹ wo gbólóhùn kékeré ìkẹyìn yẹn dáadáa. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí kò bá gba ẹnì kankan lè sọ pé kò ṣeé ṣe ni, kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Láti inú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá òfin ní ètò nídìí tàbí kò ní.

Ẹni tí a kò kà

Kò sí ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ láìsí iye. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 3,253,169 ènìyàn tó ní ìpèníjà ara nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 ọmọ Nàìjíríà, ìyẹn ìdá 2.32 nínú 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiẹ̀ ṣírò ní ọdún 2022 pé ìdá 16 nínú 100 gbogbo ènìyàn ayé, tó tó bílíọ̀nù 1.3, ló ń gbé pẹ̀lú ìpèníjà tó lágbára. Kí ló dé tí tiwa fi kéré tó bẹ́ẹ̀? Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù láàárín wa, ọ̀pọ̀ ìpèníjà sì ni ọjọ́ ogbó máa ń bá dé. Ìyẹn dáhùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ìbéèrè tí a béèrè lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gidigidi.

Ká ní òṣìṣẹ́ ìkànìyàn dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ilé o. Ṣé afọ́jú tàbí arọ wà nínú ilé yìí?" Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ọmọ-ọmọ ń fà lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní pe ara rẹ̀ ní afọ́jú láéláé. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí kò tíì sọ̀rọ̀ kò ní fẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Ìtìjú ń bẹ níbẹ̀, ìbẹ̀rù ohun tí aládùúgbò yóò sọ náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n á ní kò sí, òṣìṣẹ́ á kọ òdo sílẹ̀, á sì kọjá sí ilé kejì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín dókítà ojú àti olùkọ́, òdo yẹn ni wọn yóò fi ṣírò.

Àwọn oníṣirò kan tí wọ́n kóra jọ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 2001, tí a mọ̀ sí Washington Group, wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà. Wọ́n gbé ìbéèrè kúkúrú mẹ́fà kalẹ̀ tí kò dárúkọ àìsàn tàbí àléébù kankan. Ǹjẹ́ ó máa ń ṣòro fún ọ láti ríran, kódà bí o bá lo jígí ojú? Láti gbọ́ràn? Láti rìn tàbí gun àtẹ̀gùn? Láti rántí nǹkan tàbí pọkàn pọ̀? Láti wẹ̀ tàbí wọ aṣọ fúnra rẹ? Láti sọ̀rọ̀ kó yé ẹlòmíràn, tàbí kí tiwọn yé ọ? Ìdáhùn mẹ́rin ló wà: kò ṣòro rárá, ó ṣòro díẹ̀, ó ṣòro gan-an, mi ò lè ṣe é rárá. Ìyá àgbà tó kọ̀ láti jẹ́ afọ́jú yóò sọ láìtijú pé ó ṣòro fún òun gan-an láti ríran.

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe nílé dé ilé káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 lo irú ìbéèrè wọ̀nyí. Ìdá 7 nínú 100 àwọn tó ti pé ọdún márùn-ún sókè ló ní ó ṣòro fún àwọn, bó ti wù kó kéré mọ, nínú ó kéré tán ọ̀kan nínú ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìdá 1 nínú 100 ló ní ó ṣòro gan-an tàbí pé àwọn kò lè ṣe é rárá. Àwọn kan máa ń bínú sí iye kejì pé ó kéré. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí iye méjèèjì ló wúlò, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. Iye àkọ́kọ́ ló ń sọ fún ìjọba iye jígí ojú tí ilé ìwòsàn yóò nílò, àti bí lẹ́tà inú ìwé ìdánwò ṣe yẹ kó tóbi tó. Ìkejì ló ń sọ iye kẹ̀kẹ́, iye ògbufọ̀ èdè adití àti iye ẹbí tó ń tọ́jú ènìyàn tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣètò tó kéré jù fún àwọn kan, tó sì pọ̀ jù fún àwọn mìíràn. Ìbéèrè mẹ́fà náà ní ààlà: wọn kì í tètè mú àárẹ̀ ọpọlọ, ọmọ kékeré sì nílò ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Iye fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò sì tíì tó. Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn kò lè fi ìdá 7 nínú 100 Nàìjíríà ra nǹkan. Iye àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀ ló nílò. Ìkànìyàn ló lè fún un nírú iye bẹ́ẹ̀. Ìkànìyàn tí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún ní ọdún 2023, ìjọba Buhari sún un síwájú kó tó gbéjọba sílẹ̀, nítorí náà ìwé ọdún 2006 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ètò ṣì ń ṣí. A ò sì lè sọ pé Nàìjíríà kò mọ bí a ti ń wá ènìyàn rí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì gbẹ̀yìn níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kán àjẹsára sí ẹnu àwọn ọmọ ló ṣe é, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri. Ìjọba tó lè rí gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láti kán àjẹsára sí wọn lẹ́nu lè rí èyí tí rọpárọsẹ̀ ti mú kí wọ́n tó dé.

Àjọ elétò ìdìbò INEC fi ọ̀nà mìíràn hàn, pé ibi tí iṣẹ́ ti ń wáyé náà la ti lè kà. Ó gbé ìlànà jáde ní ọdún 2018 lórí bí àkàndá ẹ̀dá yóò ṣe kópa nínú ìdìbò, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sì wà fún kíkọ irú ìpèníjà tí olùdìbò ní sílẹ̀ ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ibi tí wọn yóò kó awò tó ń mú lẹ́tà tóbi lọ, àti ibi tí wọn yóò kó ìwé Braille tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà lọ. Abala 54 nínú òfin ìdìbò ọdún 2022 ti wá sọ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ di dandan. Síbẹ̀, 85,362 péré ni INEC kà sí àkàndá ẹ̀dá nínú 93,469,008 olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò ọdún 2023. Kò tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ètò náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tíì kàn.

Ta ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Iṣẹ́ tí a bá fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́, kò sí ẹni tó ń ṣe é. Abala 33 nínú àdéhùn àgbáyé náà mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ìjọba kọ̀ọ̀kan yan ibì kan tí yóò jẹ́ ojúkò fún ọ̀rọ̀ náà, kó sì tún ní àwọn mìíràn tó dá dúró tí yóò máa ṣọ́ ìjọba fúnra rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 dá àjọ àpapọ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara sílẹ̀, olú iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Abùjá. Ọdún 2020 ló gbéra sọ níṣẹ́, James Lalu sì ni akọ̀wé àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ní kí àkàndá ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wá láti ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orílẹ̀-èdè yìí sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀, kí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ìjọba náà sì jókòó síbẹ̀.

Àjọ yìí kì í kọ́ ilé ìwé, kì í la títì, kì í gba nọ́ọ̀sì síṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ilé ìwé, ilé iṣẹ́ ìrìnnà ló ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ àjọ ni láti rán wọn létí, láti gba ẹ̀sùn, láti ṣàyẹ̀wò, láti fún àkàndá ẹ̀dá ní ìwé ẹ̀rí. Ewu kan wà níbi tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ bá ti wà: gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba á bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹni tó bá wá bá wọn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó wá gba ìwé ìrìnnà, wọ́n á ní kó lọ bá àjọ wọn. Ẹni tó ń wá ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀, àjọ wọn náà ni. Nígbà tó bá yá, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn á di ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí àkàndá ẹ̀dá lè kàn. Ètò tó bá pegedé máa ń kọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lórúkọ, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí yóò dáhùn fún un níbẹ̀.

Ibi tó ti díjú jù ni àárín Abùjá àti àwọn ìpínlẹ̀. Nínú ẹjọ́ kan tí ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọdún 2003 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí ètò ìlú àti ilé kíkọ́ lórí ilẹ̀ wọn. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin ọdún 2019. Òfin náà ní òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí pùláànì ilé tó tako ìlànà yóò san ó kéré tán ₦1,000,000, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, tàbí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni! Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí pùláànì ní Ọ̀ṣogbo tàbí Àkúrẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí ìpínlẹ̀ náà kò bá ṣe òfin tirẹ̀, agbẹjọ́rò lè fi odindi ọdún jiyàn lórí ẹni tí òfin Abùjá mú àti ẹni tí kò mú, ilé náà á sì ti parí.

Èkó kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola ti buwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ náà, nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú ti ìjọba àpapọ̀, òfin yẹn ló sì bí LASODA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn ní Èkó. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti ṣe tiwọn lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìwé méjì: ti Abùjá àti ti ìpínlẹ̀ tó ń gbé.

Olùkọ́ àti owó

Òfin ní gbogbo ilé ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ gba ọmọ tó ní ìpèníjà ara wọlé, kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni lórí ìwé. Ẹni tó ń ṣètò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ìṣirò: ilé ìwé mélòó la ní, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́, mélòó ló ń fẹ̀yìn tì lọ́dún, mélòó ló ń jáde ẹ̀kọ́? Láti ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà fún irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Bí ibẹ̀ àti àwọn yunifásítì bá ń dá iye kan jáde lọ́dún, tí iye ilé ìwé sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, ìṣirò ni yóò sọ iye ọdún tí òfin yóò fi dúró kó tó ṣeé ṣe. Bó bá jẹ́ ogún ọdún ni, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ibi tó yẹ ká dé ní ọdún karùn-ún àti ìkẹwàá. Ọjọ́ tí a dá láìṣírò máa ń kọjá ni, ó sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọdún márùn-ún tó pé ní 2024 nìyẹn.

Èdè àfọwọ́sọ náà nílò irú ètò bẹ́ẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití, ló dá ilé ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, ọwọ́ rẹ̀ sì ni èdè àfọwọ́sọ àwọn ará Amẹ́ríkà ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni òfin ọdún 2019 ní kí ìmọ̀ Braille àti èdè àfọwọ́sọ wọ inú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama àti ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ta ni yóò kọ́ wọn? Ìwé wo ni wọn yóò lò?

Gbogbo ìyẹn, owó ló ń bèèrè. Lọ́dọọdún, ọ́fíìsì ìṣúná máa ń kọ̀wé sí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé wá. Àkókò yẹn gan-an ni òfin ń wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì tàbí kó bọ́ sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ìlera kò bá kọ ògbufọ̀ èdè adití sínú ìwé rẹ̀ nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò gba ògbufọ̀ síṣẹ́ ní ọdún tó ń bọ̀, bó ti wù kí mínísítà sọ̀rọ̀ dídùn tó. Kí owó wà nínú ìwé náà kò sì túmọ̀ sí pé yóò dé ọwọ́. Owó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fi èyí hàn. Òfin UBE ti ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú 100 àpò owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àmọ́ kí ìpínlẹ̀ tó lè gba apá tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú iye kan náà wá láti àpò ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí kò bá mú tirẹ̀ wá, owó rẹ̀ á máa sùn ní Abùjá, ọmọ rẹ̀ á sì máa jókòó nílé.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Gbogbo ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá káàkiri àgbáyé ló ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ètò àwọn lẹ́yìn àwọn. Yorùbá ti parí ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àdéhùn àgbáyé sọ ọ́ di dandan, pé ìjọba gbọ́dọ̀ bá wọn jókòó nígbà tó bá ń ṣe òfin àti ìlànà tó kàn wọ́n. Àánú kọ́ ló fa ìyẹn, ìmọ̀ ni. Àìmọye ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ti ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn tó ga jù débi pé ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gùn ún. Àwọn mìíràn ń já sí ilẹ̀kùn tó kéré ju kẹ̀kẹ́ náà lọ. Ẹni tó kọ́ ọ rò pé òun ti pa òfin mọ́. Bí wọ́n bá ti fi pùláànì han ẹnì kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó po sìmẹ́ńtì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá fi rí àṣìṣe náà.

Ìjókòó tí a ń wí yìí náà nílò ètò. Pípe ènìyàn sí ìpàdé ní gbọ̀ngàn tí kò lè wọ̀, tàbí fífi ìwé ojú ewé ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ sí afọ́jú nígbà tó ku ọ̀la kí ìpàdé wáyé, kì í ṣe pípè. Kí adití rí ògbufọ̀, kí wọ́n san owó ọkọ̀ ẹni tó ń bọ̀ láti ìgbèríko, kí obìnrin àti àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ má sì jẹ́ ẹni tí àwọn ọkùnrin tó mọ ọ̀nà Abùjá yóò máa ṣojú fún títí ayé.

Àyẹ̀wò ló kù. Lẹ́yìn ìròyìn àkọ́kọ́, orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn náà gbọ́dọ̀ máa kọ ìròyìn ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin sí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn 18 tó ń ṣèpàdé ní Geneva, àwọn ẹgbẹ́ aráàlú sì lè fi ìròyìn tiwọn ránṣẹ́ láti fi wé ti ìjọba. Ìyẹn dára, àmọ́ Geneva jìnnà. Ibi tí ará ìlú ti lè yẹ̀ ẹ́ wò sún mọ́ ilé ju ìyẹn lọ: ìpàdé tí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ máa ń pe aráàlú sí lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ìpàdé òbí àti olùkọ́, ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pùláànì. Ìbéèrè tó yẹ níbẹ̀ kò pọ̀. Òṣìṣẹ́ wo ló wà fún un? Èló ló wà nínú ìwé ọdún yìí, èló ló sì ti jáde? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá wo lẹ bá sọ̀rọ̀?

Ilé àtijọ́ yóò gba owó àti àkókò kó tó ṣeé wọ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ti ilé tuntun kò ní àwáwí, nítorí owó kékeré ni ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ilẹ̀kùn fífẹ̀ ń gbà nígbà tó bá ṣì wà lórí pùláànì. Èyí tí òṣìṣẹ́ bá sì fọwọ́ sí lónìí láìbéèrè, owó ìlú la máa tún fi wó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.